Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Inú Omi Iyọ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú kan ni mo rí nǹkan ní ìdí túùbù tí mi ò rọ nǹkan kan sí ju omi iyọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà tó ti Ẹdẹ lọ sí Awo, ẹ̀jẹ̀ èèyàn la máa ń gbà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn àpò wínníwínní kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹksosóòmù. Gbogbo ẹ̀yà ara ló ń tú wọn jáde. Ẹ̀dọ̀ á di ọ̀rọ̀ sínú wọn, á fi ránṣẹ́ sí kíndìnrín. Ọkàn á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Iṣẹ́ tiwa ni láti dá àwọn ìránṣẹ́ náà dúró lọ́nà. A ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́jẹ́ kí pupa rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, a ó fa omi òkè rẹ̀, a ó tún un yí kí pàǹtí jókòó. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ ẹ̀rọ ńlá kan tó tutù bíi fìríìjì, tó sì ń yí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ohun tó bá jókòó sí ìdí túùbù lẹ́yìn ìyẹn ni à ń wá. Ó kéré débi pé bírò la fi ń sàmì sára túùbù ṣáájú, kí á lè mọ ibi tí ojú wa yóò wò.

Ẹ̀rọ ńlá yìí kì í fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju ìkejì lọ. Bí túùbù kan kò bá ní ẹnìkejì, a ó rọ omi iyọ̀ sí òmíràn, a ó wọ̀n wọ́n kí wọ́n dọ́gba, a ó sì fi wọ́n kojú ara wọn. Omi iyọ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó kàn wúwo lọ. Lọ́jọ́ yẹn, túùbù ẹ̀jẹ̀ Hasanat ló kojú rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ kan náà ni èmi àti Hasanat wà. Gbogbo àwa tí ara wa le ni Dókítà Ọládòṣù, ọ̀gá wa, ní kí a fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè fi wé ti àwọn aláìsàn. Salman ọkọ Hasanat, tó ń wa kẹ̀kẹ́ akérò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ni ibà mú lọ. Nígbà tó ṣe opó tán, ó padà síbi iṣẹ́, ó ń kí èèyàn, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan ní yàrá kejì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí èmi ni mo rọ sóbò sínú túùbù ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àlejò wá wo láàbù, tí mo gbé e mu lójú wọn, tí mo ní ti àná dùn jù ú lọ. Irú mi kì í sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kí wọ́n má kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Dókítà gbé túùbù náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n bi mí pé kí ni mo tún ṣe. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan, wọn kò sì gbà mí gbọ́. Wọ́n kán aró kan sí i, èyí tó máa ń yí sí búlúù bó bá kan ohun tó ti ara èèyàn wá. Ó yí. Wọ́n bá fọwọ́ ara wọn po omi iyọ̀ mìíràn, wọ́n ti yàrá ẹ̀rọ náà, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Nígbà tí a ṣí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá kojú omi iyọ̀, kò ní sí nǹkan kan. Àfi ti Hasanat.

Wọ́n ṣe DNA sí i, àyẹ̀wò tí gbogbo Nàìjíríà ń fi wá bàbá ọmọ kiri yẹn. Ó ní ti ọkùnrin ni. Dókítà kàn wò mí, mo na apá, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe tèmi.

Ìgbà tí mo tún ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, òórùn epo bẹntiróòlù àti ẹ̀pà yíyan ló jáde látinú òtútù yẹn. Hasanat di etí tábìlì mú.

"Baba Labeebah ni," ló sọ, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Labeebah ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún Salman.

Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń na apá kí a gba ẹ̀jẹ̀. Mò ń wọ̀n túùbù méjèèjì bí wọ́n bá ti jáde. Tirẹ̀ ń fúyẹ́, ti omi iyọ̀ ń wúwo. Ebi kò pa á mọ́. Lọ́jọ́ kan, omi gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, àfìgbà tí mo fà á sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ránṣẹ́ sí ara wọn mọ́. Ibòmíràn ni gbogbo iṣẹ́ tó ń rán ń lọ.

"Hasanat, o ti ń tán lọ," ni mo wí.

"Mo mọ̀, Bọ̀dá Gbénga."

"Fi í sílẹ̀, jọ̀ọ́."

"Mo ń ránṣẹ́, ó ń gbà á, ó ń dá mi lóhùn. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn ránṣẹ́ kẹ́nìkan sì gbà á?"

Òdìkejì rẹ̀ ni mo mọ̀.

Dókítà ní ó tó gẹ́ẹ́. Hasanat bẹ̀ wọ́n fún ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, wọ́n gbà. Lọ́jọ́ náà, kí ó tó dé, mo ti fa ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo yí i, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ gaara bí omi iyọ̀. Nígbà tí a gba tirẹ̀ tán, èyí ni mo fi kojú rẹ̀ dípò omi iyọ̀. Mo ní bí òkú bá ń wá ibi tí yóò jókòó sí, kó bá èèyàn níbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà dúró. Túùbù Hasanat kún bíi ti ọjọ́ kìíní. Ó gbé èyí tó pè ní omi iyọ̀, ó gbé e sókè, ó yí i títí. Kò sí nǹkan kan ní ìdí rẹ̀.

"Kò wá," ló wí. Ó jókòó, ó sunkún fúngbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó mu omi, ó ní omi náà tutù. Ó béèrè bóyá oúnjẹ wà. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí béèrè ibi tí ẹksosóòmù tèmi gbà lọ.

Ẹ̀pà ni mo kọ́kọ́ ń rà, èmi tí mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni tó ń fún kẹ̀kẹ́ níná kó lè sáré. Lọ́jọ́ kan, mo ń wo Hasanat níbi tó ti ń fọ túùbù, mo sì mọ̀ pé àpá kékeré kan wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ lábẹ́ híjáàbù, àti pé iná ààrò ló fà á. Mi ò rí ọrùn rẹ̀ rí láyé mi.

Mo bẹ Dókítà pé kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò. Ó bá ti inú omi iyọ̀ mu délẹ̀délẹ̀. Wọ́n pa ìwé èsì náà dé, wọ́n sì ní ó dájú pé mo pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi nígbà àkọ́kọ́, pé èmi ni mo ń rọ tèmi sínú omi iyọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Gbénga," ni wọ́n wí, "opó lo fi ṣe ẹ̀fẹ̀."

Hasanat wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ kú ẹ̀fẹ̀, Bọ̀dá Gbénga."

Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré nípa àpá yẹn, á gbà mí gbọ́. Bó bá sì gbà mí gbọ́, á tún na apá.

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó jáde sínú oòrùn. Mo dúró lójú fèrèsé títí kẹ̀kẹ́ kan fi dúró fún un. Nínú àyà mi, ẹnìkan ń pè é ní orúkọ tí mi ò gbọ́ rí, ó ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó jáde. Ẹkún tó ń sun, mi ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára tèmi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu wa.