Ẹ-kú-iṣẹ́ Níwájú Kọ̀ǹpútà

Bàtà funfun méjì ni ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí. Abẹ́ tábìlì ló wà, ó ń to okùn kọ̀ǹpútà, nígbà tí bàtà náà wọlé tí ohùn kan sì gba gbogbo yàrá ìdánwò kan: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ tábìlì, ẹ kú ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀."

Ó fẹ́ yára dìde dáhùn, ló bá forí gbá tábìlì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ n wò ó." Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ìka rẹ̀ tutù lórí ibi tó wú náà. Láti ọjọ́ yẹn, Ẹ-kú-iṣẹ́ ni ọkùnrin náà ń pè é. Òun náà ń pè é ní Oníkọ̀ǹpútà mi.

"Arẹwà tó ń kíni bí ẹni ń bu omi tútù fún arìnrìn-àjò," ọkùnrin náà á ní.

"Ẹnu yín dùn jù. Ẹ ti ki ènìyàn mélòó báyìí lónìí?"

"Ìwọ nìkan."

Ìdánwò ló fẹ́ ba ayọ̀ wọn jẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè wọ wọ́ọ̀dù lọ fọwọ́ kan aláìsàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege lórí kọ̀ǹpútà. Aláìsàn kan yóò hàn lórí ibùsùn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa tẹ ohun tó fẹ́ ṣe ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tó bá ṣi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀rọ kò sì ní sọ ibi tó ti ṣì í. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹ-kú-iṣẹ́ ti kùnà. Ẹ̀kẹta ni ìkẹyìn. Bó bá tún kùnà, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Oníkọ̀ǹpútà mọ ibi tó ti ń ṣì í, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ló ń hàn níwájú rẹ̀. Kó tó fọ ọwọ́, ọmọbìnrin náà á kọ́kọ́ kí aláìsàn, á sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé nìyẹn. Ìka rẹ̀ á ti tẹ ìkíni kó tó ronú.

"Ẹ sáà sọ fún mi," ó bẹ̀ ẹ́ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. "Ọ̀rọ̀ kan péré."

"Mi ò lè sọ ọ́, olólùfẹ́."

"Ẹ ò fẹ́ràn mi nìyẹn."

"Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ọjọ́ tó o bá wà ní wọ́ọ̀dù, ọkàn mi ò ní balẹ̀ lórí ẹni tó sùn síwájú rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọmọbìnrin náà. Ó fi í sílẹ̀ lórí ìdúró.

Ìyá ọmọbìnrin náà gbọ́, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, kò sì fi àga lọ̀ ọ́. "Ọmọ mi ń sunkún. Ìwọ mọ ohun tó máa nu omijé rẹ̀. Ṣé o máa sọ ọ́?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò ní sọ ọ́."

"Kí n má rí ẹsẹ̀ rẹ níbí mọ́."

Ó dúpẹ́, ó jáde. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe délé.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹ-kú-iṣẹ́ wọlé, ó wo àga Oníkọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀. Ó ti pa mí tì, ló wí nínú ara rẹ̀. Ó gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó jókòó.

Ìyá arúgbó kan hàn lórí ibùsùn, báńdéèjì wà lórí ikùn rẹ̀. Ìka ọmọbìnrin náà ti ń sáré lọ sórí ìkíni. Ó dá a dúró. Ó rántí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ. Ìyá rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ ní ìkíni gan-an, kọjá lára gbogbo ènìyàn láìwí nǹkan kan, ó lọ tààrà síbi omi, ó fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá kó tó yà sọ́dọ̀ ọmọ tuntun. Ó wá yé e. Kí wọ́n lè pe òun lọ́mọ dáadáa ni òun ṣe ń sáré kí ènìyàn. Ọwọ́ tó mọ́ ni ìyá arúgbó yìí ń fẹ́.

Ó tẹ "Fọ ọwọ́ rẹ." Ó ń bá a lọ títí dé òpin, láìmọ̀ bóyá ó gbà á tàbí ó ṣì í. Ẹ̀rọ náà dúró, ó ń ka máàkì. Ọmọbìnrin náà di ojú. Nígbà tó là á, ohun tó wà níbẹ̀ ni: O yege.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "O kú oríire. Ọkọ rẹ á lè padà sídìí iṣẹ́ báyìí."

"Ọkọ mi wo, Mà?"

"Oníkọ̀ǹpútà. Ó ní kí n yọ òun kúrò nínú tòní, pé ìyàwó òun wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló ràn án lọ́wọ́."

Ẹ-kú-iṣẹ́ bá ọkùnrin náà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, ó fọwọ́ lẹ́rán, kò tíì mọ èsì.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti níyàwó, ẹ ò sì sọ fún mi."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí ẹ̀rín rẹ̀, omi sì lé sójú rẹ̀. "O yege?"

"Mo yege. Ẹ dáhùn ọ̀rọ̀ mi."

"Mo ti ń pè é níyàwó kí n tó bi í. Ẹ̀bi mi ni. Ṣé ó máa gbà?"

Ó jókòó tì í. "Ìyá mi lẹ máa wá bẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èmi ni màá ṣílẹ̀kùn fún yín."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. "Èmi ti gbà kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán."