Ta Ló Tú Háńbíréèkì Nọ́ọ̀sì?

Ẹnu géètì tí wọ́n fi ń dá ẹran ọ̀sìn dúró láàárín òkè ni wọ́n ti bá òkú Nọ́ọ̀sì. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń gbé oògùn lọ sílé àwọn aláìsàn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin géètì náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lórí ìdè géètì. Àpò oògùn wà lẹ́yìn alùpùpù, kò tilẹ̀ yẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní nígbà tí òun retí rẹ̀ títí tí kò dé ni òun gòkè wá a lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọlọ́pàá ti mú ẹni tó ń tún alùpùpù náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lójú wọn. Háńbíréèkì, èyí tí wọ́n máa ń fà kí ọkọ̀ má baà yí nígbà tí kò bá sẹ́ni lórí rẹ̀, wà ní fífà dé òpin. Nọ́ọ̀sì ò gbàgbé nǹkan kan. Ó fa bíréèkì, ó sọ̀kalẹ̀ láti lọ ṣí géètì tó wà níwájú, bíréèkì ò mú, ọkọ̀ yí lù ú. Ọjọ́ tó ṣáájú gan-an ni mẹkáníìkì tún bíréèkì ọ̀hún ṣe. Kí ni wọ́n tún ń wá?

Ohun tó ká àwọn èèyàn lára ni pé àbúrò Nọ́ọ̀sì ni mẹkáníìkì náà, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé wọn.

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Oníbéèrè. Á bi ọ́ bóyá o sùn dáadáa, kó o tó mọ̀, o ti sọ orúkọ olè fún un. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti sọdá òkun. Ìkíni àárọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ gbọ́, ẹnu rédíò ló ti ń wá, ó sì máa ń dá rédíò lóhùn. Bí wọ́n bá fún un níṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kì í kọ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò bínú nílé.

Àgbàlá àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n gbé alùpùpù sí. Oníbéèrè tẹ́ àpò sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tì tó ń mú wáyà háńbíréèkì le wà. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin tó jókòó lé. Ṣùgbọ́n ìlà náà ti ya. Èyí tó wà lára nọ́ọ̀tì ò kọjú sí èyí tó wà lára irin mọ́. Eyín irin-iṣẹ́ kan sì ti gé nọ́ọ̀tì náà jẹ yí ká.

Ó dìde, ó wo ẹ́ńjìnì. Wọ́n fi wáyà tín-ín-rín de okùn iná tó wọ orí púlọ́ọ̀gì, èyí tí ẹ́ńjìnì ò lè jí láìsí i, wọ́n dè é pinpin. Eyín irin-iṣẹ́ kan náà ti fà á níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì já.

“Ẹni tó fẹ́ pààyàn, kí ló fẹ́ fi púlọ́ọ̀gì ṣe?” Ara rẹ̀ ló ń bi. Ẹni tó bá ti ń dá gbé pẹ́ kì í fi irú rẹ̀ tijú.

Nígbà tó wọ àtìmọ́lé, ilẹ̀ lásán ló bá mẹkáníìkì. Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Kò sunkún. Ó kàn jókòó bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

“Èmi ni mo pa á, mà,” ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ má da ara yín láàmú.”

“Ọ̀dà funfun wo ló wà lára nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn?”

Ó gbójú sókè. “Èmi ni mo fi síbẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí mo bá ti dè, mo máa ń fa ìlà sí i lára. Tó bá yí, màá rí i.”

“Kí lo fi dè é?”

“Sípánà, mà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò jẹ́ ká fi ẹ̀mú kan nọ́ọ̀tì. Ẹ̀mú máa ń ba orí rẹ̀ jẹ́ ni.”

Oníbéèrè ò sọ ohun tó rí fún un. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì ní ó ti ń lọ sí oṣù bíi mélòó kan tí ẹ̀gbọ́n òun ti ń sọ pé ẹ́ńjìnì máa ń kú, pé kì í dáhùn, tó bá sì yá, á kàn tún jí fúnra rẹ̀. Òun fọ kabúrétọ̀, òun da epo àtijọ́ nù, òun pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, òun gùn ún lọ sókè sódò láti àárọ̀ dalẹ́, kò tilẹ̀ húkọ́. Nígbà tó yá, òun rò pé okùn iná ló ń mì kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, lòun bá fi wáyà dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí òun mú háńbíréèkì le. Ẹ̀gbọ́n òun ti ní kí òun fi púlọ́ọ̀gì náà sílẹ̀, pé kò yọ òun Nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú ń ti òun. Mẹkáníìkì wo ni ẹ́ńjìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa kú kiri?

“Níbo ló ti máa ń kú?”

“Ilé Tíṣà ni. Bàbá tó fẹ̀yìn tì yẹn.”

“Ibẹ̀ nìkan?”

Ọ̀dọ́kùnrin náà ronú. “Ibẹ̀ nìkan, mà.” Ó dà bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni.

Ó kan Dẹ́rẹ́bà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò dáa létí. Òun ló ń fi mọ́tò gbé oògùn lọ sókè tẹ́lẹ̀, kí ọ̀nà tó bàjẹ́, kí wọ́n tó gbéṣẹ́ fún Nọ́ọ̀sì àti alùpùpù rẹ̀. Láti ìgbà náà, mọ́tò tí kì í lọ síbì kan ló ń fọ̀. Ó sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé òun ń wo ibi tí nǹkan ìṣeré yẹn máa gbé Nọ́ọ̀sì dé.

Nígbà tí Oníbéèrè rán an létí ọ̀rọ̀ yìí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní inú ló ń bí òun, òun ò ro ikú sí i. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òun bá a di ẹrù níwájú ilé ìwòsàn tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nọ́ọ̀sì fa háńbíréèkì, ọkọ̀ dúró digbí.

“Àwọn ilé aláìsàn yòókù ńkọ́? Ibi tó tẹ́jú ni?”

“Ẹ̀gbẹ́ òkè ni gbogbo wọn, mà. Ilé Tíṣà nìkan ló wà ní ojú títẹ́. Òun náà ló sún mọ́ géètì jù.” Ó nu imú. “Mo tilẹ̀ bá a jà lórí ẹ̀. Ilé Tíṣà ló yẹ kó kọ́kọ́ yà, àmọ́ ṣe ló máa ń kọjá ẹ̀, á lọ dé ìpẹ̀kun òkè, kó tó padà wá síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ní ó ń fi epo ṣòfò. Ó ní ó nídìí.”

Oníbéèrè fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ. Bó ṣe ń lọ, ó ń to ọ̀rọ̀ náà. Bíréèkì mú nílé ìwòsàn. Ó mú ní gbogbo ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, torí bí kò bá mú, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ì bá ti yí. Lẹ́yìn ilé Tíṣà, kò mú mọ́.

Ilẹ̀kùn ilé Tíṣà wà ní ṣíṣí. Àga kan wà lójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, ibi ìjókòó rẹ̀ ti jìn wọnú. Ife tíì méjì wà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ Tíṣà nìkan ló wà nílé. Rédíò kan tó ti tú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ẹ̀mú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.

Bàbá arúgbó náà rò pé ó wá bá òun dárò ni. Ó ní kó jókòó, ó fẹ́ bu tíì fún un. Oníbéèrè kí i pé ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, ó mú ẹ̀mú náà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ọ̀dà funfun há sáàárín eyín rẹ̀.

“Sà, kí lẹ fi èyí ṣe lára alùpùpù Nọ́ọ̀sì?”

Tíṣà ò jiyàn. Ó rọra gbé ìkòkò tíì sílẹ̀.

“Wọ́n ní àbúrò ẹ̀ ni.”

“Àbúrò rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, sà. Òun náà ti gbà pé òun ni.”

“Mo gbọ́. Mo fẹ́ wá sọ. Mo wọ bàtà, mo tún bọ́ ọ.”

Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò wo ojú Oníbéèrè. Òjò ló dá ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì kú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Nọ́ọ̀sì sì jókòó títí òjò fi dá. Ó jẹ búrẹ́dì, ó sọ ìtàn ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín débi tí tíì fi dà sí i láṣọ. Lẹ́yìn tó lọ, ilé náà ò dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà tó tún wá, bó ṣe lọ fọwọ́ lẹ́yìnkùlé, Tíṣà jáde, ó yọ okùn iná lórí púlọ́ọ̀gì. Nọ́ọ̀sì tẹ ẹ́ńjìnì títí, kò jí, ló bá padà wọlé wá jókòó. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn, á ní kí òun bá a wò ó, á tì í padà. Nọ́ọ̀sì á dúpẹ́. Bó ṣe di àṣà rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó bá okùn náà ní dídè. Ó fi ẹ̀mú fà á, kò já. Ó wá rántí pé Nọ́ọ̀sì gbàgbé háńbíréèkì ní fífà rí, tí ẹ́ńjìnì ń kérora tí ọkọ̀ ò lè lọ. Ó rò pé bí òun bá de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le sí i, bíréèkì á di ọkọ̀ mú, Nọ́ọ̀sì á tún padà wọlé. Ó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó dojú bo nọ́ọ̀tì náà láti òdìkejì, tí ọ̀tún fi di òsì fún un, ó sì yí i.

“Mo rò pé mò ń dè é ni. Àṣé mò ń tú u. Nígbà tó tẹ ẹ́ńjìnì, fẹ́rẹ́ ló lọ. Mo dúró sójú fèrèsé níbí, inú ń bí mi pé ó lọ.” Ó fọwọ́ kan ife kejì. “Mo kàn fẹ́ kó jókòó ni.”

Oníbéèrè jókòó. Ó mọ irú àga ojú fèrèsé yẹn. Ó ní tirẹ̀ nílé. Ó rò ó bóyá kí òun fi ọ̀rọ̀ tó kù sínú, ṣùgbọ́n ó rí i pé ti Nọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ti òun.

“Sà, ilé yín ló yẹ kó kọ́kọ́ yà. Ó máa ń kọjá yín ni, kó lè parí iṣẹ́, kí aláìsàn kankan má baà máa retí ẹ̀ nígbà tó bá jókòó tì yín. Ó sì ti ní kí àbúrò ẹ̀ má fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì yẹn.”

“Ó mọ̀?”

“Ó mọ̀, sà.”

Tíṣà wo àga ojú fèrèsé. Ó ní, “Ká ní mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró…” Tíṣà wọ bàtà, ó so okùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bèèrè bóyá kí òun ti ilẹ̀kùn. Oníbéèrè ní kó tì í.

Lójú ọ̀nà, obìnrin náà ń ro ọ̀rọ̀ wáyà tí mẹkáníìkì fi de púlọ́ọ̀gì. Bí kò bá dè é, Tíṣà ò ní dé ìdí bíréèkì. Ọmọ náà á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan ní kóòtù, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun lónìí.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ó sọ ẹni tó ṣe é àti bó ṣe ṣe é.

“Bó o ṣe de nọ́ọ̀tì yẹn ló wà títí ẹlòmíì fi tú u. Bíréèkì tó o ṣe dáa. Kì í ṣe ìwọ lo pa á.”

Mẹkáníìkì ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọ̀dọ́kùnrin náà bo ojú, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bí ìgbà tó bá ń pè é láti yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ló tó ráyè sunkún rẹ̀.