Irin Tó Yọ́ Ní Ojúgun Mi

Ní ọdún 2017, ọlọ́kadà kan gbé mi ṣubú ní Ìdímù, egungun ojúgun mi sì dá sí méjì. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà tí ọkùnrin kan fi wọlé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹsẹ̀ mi bíi pé ó fẹ́ rán ṣòkòtò. Aránṣọ ni mí, mi ò fẹ́ràn kí ẹlòmíràn máa wọ̀n mí. Mo bi í pé dókítà wo nìyẹn jàre.

Ó ní òun kì í ṣe dókítà, Khalid lorúkọ òun, òun lòun máa fi ẹ̀rọ tẹ irin tí wọ́n fẹ́ fi di egungun mi pọ̀.

"Ṣé irin náà lẹ wá ń tẹ̀ bíi kálẹ́ńdà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́búlẹ́bú irin àti lẹ́búlẹ́bú amọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tò léra wọn díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ẹsẹ̀ mi mu, pé iṣẹ́ ìwádìí ni, irin náà á sì máa yọ́ bí egungun bá ṣe ń jinná. Mo fọwọ́ sí ìwé. Ká má parọ́, ojú rẹ̀ ni mo wò tí mo fi fọwọ́ sí i.

Kí n tó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ti ń pè mí ní Àṣàkẹ́ mi, ìfẹ́ rẹ̀ sì ti kó sí mi lórí pátápátá.

Nígbà tó pé ọdún kan àti oṣù díẹ̀ tí wọ́n ti fi irin náà sí mi lẹ́sẹ̀, ó wá fojú han bàbá mi, Tàjùdíìnì. Iṣẹ́ jórinjórin ni bàbá mi ń ṣe láti ogójì ọdún, wọ́n mọ̀ ọ́n ní Ẹgbẹ́dá. Bó ṣe gbọ́ pé irin ń yọ́ lára èèyàn, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó mú òòfà tó fi ń ṣa ìṣó nílẹ̀ jáde, ó gbé e lé ojúgun mi. Òòfà ò mú nǹkan kan.

"Kò sí irin níbẹ̀ rí," ó sọ fún Khalid. "O gé ọmọ mi lásán, o tún fẹ́ fẹ́ ẹ."

Khalid ní irú irin tòun kì í bá òòfà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi lé e jáde. Mo sunkún títí ojú mi wú. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà ti ń ṣiyèméjì.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi mú mi lọ ya ẹ́kísíréè ní Ìgàndò. Dókítà gbé e sójú iná: kò sí irin. Bàbá mi ní ṣé mo ti rí i báyìí. Mo fa àwòrán mẹ́ta tí wọ́n ti yà fún mi tẹ́lẹ̀ nígbà tí irin náà ń yọ́ yọ nínú báàgì, dókítà sì fi wọ́n kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Nínú àkọ́kọ́, irin hàn gbangba. Nínú èkejì, ó ti tín-ín-rín. Nínú ẹ̀kẹta, òjìji rẹ̀ ló kù. Bàbá mi ní ta ló mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni.

"Bàbá, ẹ wo gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ náà," mo sọ fún un.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, abẹ́rẹ́ gún mi ní gìgísẹ̀, ó kán síbẹ̀, kò sì jáde mọ́. Bàbá mi ló pọ̀n mí lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún wà nínú àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bàbá mi wo abẹ́rẹ́ náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó ń fọwọ́ pa ojúgun mi. Ó wá ní kí n pe Khalid wá.

Khalid dé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ò bẹ̀ ẹ́ o.

"Ohun tó o fi sí ọmọ mi lára ti yọ́ tán," ó ní. "Ìfẹ́ tìrẹ ńkọ́?"

Èmi ni mo dáhùn.

"Bàbá, irin náà ò lọ títí egungun fi dúró."

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ mi, ó wo Khalid. Ó ní kó dìde, kó lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun ń retí wọn lọ́jọ́ Àìkú.