Ìyá Mẹ́ta Lé Mànàmáná Wọ Òkun

Gbàù!

Ìbọn dún, àjà ṣọ́ọ̀bù oníwúrà ya, eruku funfun sì dà sórí gbogbo ènìyàn bí ìyẹ̀fun.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀! Gbogbo yín! Ẹni tó bá wúkọ́ níbí, ikọ́ ìkẹyìn ẹ̀ nìyẹn!"

Ọ̀sán gangan ni o! Oòrùn ń ràn, òkun ń dán lẹ́yìn gíláàsì, àwọn tó wá gbafẹ́ sì ń wọ́ sílípáàsì kọjá níta.

Ọlọ́ṣà méjì ni. Èyí tó mú ìbọn dání ń pe ara rẹ̀ ní Mànàmáná. Èkejì, tó ń fi òòlù fọ́ àpótí gíláàsì, tóbi bí ilẹ̀kùn gáréèjì. Gìrìpá ni wọ́n ń pè é.

"Ta ni mí?" Mànàmáná bú ramúramù.

"Mànàmáná!" Gìrìpá dáhùn.

"Ọlọ́pàá tó máa mú mi ńkọ́?"

"Ìyá ẹ̀ ò tíì lóyún ẹ̀!"

Lára àwọn tó dojú bolẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan tó ti ìlú òkèèrè wá gbafẹ́ létíkun. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń bára wọn bọ̀. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀, ọ̀kan jẹ́ agbẹ̀bí, ẹ̀kẹta sì ti ń wa bọ́ọ̀sì ńlá nígboro láti ọdún mọ́kàndínlógún. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Yẹtí tí ọmọ Télọ̀ máa lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ń wá. Sátidé yìí ni ìgbéyàwó. Àárọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ òfuurufú wọn máa gbéra padà sílé.

Gìrìpá kó wúrà tán. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Mànàmáná rí báàgì Télọ̀, ó sì já a gbà, wàì!

Vùùùm! Alùpùpù àwọn ọlọ́ṣà ti gbéra!

"Páásípọ́ọ̀tù wa!" Télọ̀ figbe ta. "Tiwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ẹ̀! Mo gbé o! Ọmọ mi á lọ sílé ọkọ lẹ́yìn mi!"

"O ò gbé," ni Dírẹ́bà wí. Ojú rẹ̀ ti lọ sára ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé kan, irú èyí tó ń gbé àlejò yí etíkun ká. Ẹni tó ń wà á ti sá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ wọlé!"

Bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́ṣà la fẹ́ lé!"

"Ṣé ìyẹn náà wà nínú owó tá a san?" Inú bàbá dùn dénú. "Ìyàwó mi, di irin mú!"

Bùrùrùrù! Ọkọ̀ fò síwájú. Níkòóríta, Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá kan, tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti já, fò mọ́ ọkọ̀ wọn.

"Sájẹ́ńtì, ìbọn yín dà?"

"Ìbọn wo? Fèrè ni wọ́n ń fún àwa ti etíkun."

"Ẹ fọn ọ́n nígbà náà!"

Fíìììì!

Alùpùpù gba àárín àwọn tó ń ta agboòrùn. Fìlà fò! Bọ́ọ̀lù ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún! Dírẹ́bà ń yí ọwọ́ ọkọ̀ bí ẹni ń fọ àwo.

Gbàù! Gbàù!

Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fọ́ yángá. Agbẹ̀bí fọwọ́ kan etí, ó rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbogbo wọn, títí kan bàbá arúgbó.

"Ṣé ká padà?" Dírẹ́bà béèrè.

Agbẹ̀bí nu ẹ̀jẹ̀ náà. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ̀bí ọmọ yẹn. Kò ní lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Tẹ̀ ẹ́!"

Dírẹ́bà tẹ̀ ẹ́.

Alùpùpù já sórí afárá onípákó tó gùn wọ inú òkun. Ní ìparí rẹ̀, ẹnì kẹta wọn ń dúró nínú ọkọ̀ ojú omi ayára. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn ìyá tó ń pariwo, ó rí ọlọ́pàá. Fòòòò! Ó ti lọ!

"Ọ̀dàlẹ̀!" Mànàmáná ké.

Gìrìpá ju òòlù àti àpò wúrà sílẹ̀, ó káwọ́ sókè. Bẹ́líìtì ara rẹ̀ ni Sájẹ́ńtì fi dè é, ló bá ń fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú.

Ṣùgbọ́n Mànàmáná ti fò sínú ọkọ̀ ojú omi oníke kan tí wọ́n ṣe bíi pẹ́pẹ́yẹ, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹsẹ̀ wà. Gìdìgìdì! Ó ń lọ! Télọ̀ àti Agbẹ̀bí bọ́ sínú pẹ́pẹ́yẹ mìíràn.

Ẹsẹ̀ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tẹ máṣíìnì ìránṣọ ló ń tẹ̀ ẹ́! Omi ń hó lẹ́yìn wọn ṣùùṣùù!

Mànàmáná dìde láti yìnbọn. "Ẹ dúró! Èmi Mànàm—"

Gbúlàpù! Pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ dojú dé!

Ìbọn rì. Báàgì ń léfòó lọ lápá ọ̀tún. Lápá òsì, ọwọ́ méjì ń jà lójú omi.

"Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Ẹ gbà mí! Mọ́mì o!"

Báàgì ti ń rì. Télọ̀ nawọ́ sí i, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó o.

"Ọ̀rẹ́ mi," Agbẹ̀bí wí jẹ́jẹ́, "èèyàn ló ń kú lọ yẹn."

Télọ̀ wo báàgì. Ó wo ọwọ́ tó ń jà. Ó ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, ó sì yí pẹ́pẹ́yẹ sápá òsì.

Kí wọ́n tó fi ìbàdí ṣòkòtò fa Mànàmáná wọlé, báàgì ti lọ sísàlẹ̀ òkun. Télọ̀ fọwọ́ bojú. "Ọmọ mi! Ọmọ mi!"

Mànàmáná pọ omi iyọ̀ jáde. Ó wo ìyá tó ń sunkún. Ó ki ọwọ́ bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fa ọ̀rá kan yọ. Páásípọ́ọ̀tù mẹ́ta!

"Mo ti yọ wọ́n nínú báàgì lórí afárá, mà," ó ń kólòlò. "Wọ́n máa ń tà dáadáa."

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wo ibi tí báàgì rì sí. Wọ́n wo ara wọn.

Télọ̀ gbá a létí, gbòsà! Lẹ́yìn náà ó fà á mọ́ra, ó ń fẹnu ko orí tútù rẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín wọnú ara wọn. Lórí afárá, àtẹ́wọ́ ń dún wàá, Sájẹ́ńtì ń fọn fèrè pé kí wọ́n gbé ọ̀daràn wá kíákíá. Ṣùgbọ́n Télọ̀ ò tíì ṣe tán láti fi ọlọ́ṣà rẹ̀ sílẹ̀.