Onígbàjámọ̀ Tó Nu Ọmọ Màlúù

Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ fojú kan Ìyá Màlúù, apá obìnrin náà kan wà nínú abo màlúù títí dé ìgúnpá, ó sì ń ṣépè fún gbogbo ẹni tí kò sí nítòsí láti ràn án lọ́wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn ṣì yín lọ́nà o. Kò bímọ rí, kò sì tíì lọ́kọ. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń tọ́jú màlúù bàbá rẹ̀, bí àsìkò ìbímọ wọn bá sì ti dé, ojú rẹ̀ di àwátì nìyẹn. Bàbá ló ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀ wá sílé, torí ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè dé ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí ọkùnrin náà ti ń wá ẹnu ọ̀nà kiri ló ti gbọ́ igbe.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ṣé ìran lẹ wá wò ni? Ẹ wá bá mi fà á!"

Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó fà. Wọ́n jọ fà á títí ọmọ fi já bọ́ sórí koríko gbígbẹ. Ìyá Màlúù sáré lọ pọnmi fún ìyá ọmọ. Kó tó dé, onígbàjámọ̀ ti ṣe àánú. Ó ti yọ táwẹ̀lì nínú àpò, ó ti da sípírítì sí i, ó sì ti nu ọmọ màlúù láti orí dé ìrù bí ẹni ń nu orí oníbàárà.

Abo màlúù gbóòórùn ọmọ rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Ó tún gbóòórùn, ó ta á nípàá.

"Yéè! Ta ló ní kẹ́ ẹ nù ún?" Ìyá Màlúù ju garawa sílẹ̀. "Ìyá rẹ̀ ló yẹ kó lá a gbẹ! Òórùn ara rẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wá sọ ọ́ di ọmọ ṣọ́ọ̀bù!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé dáadáa ni mò ń ṣe."

"Dáadáa kẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ìyá Màlúù fọ ọmọ náà, ó fi omi ìbímọ tó kù nílẹ̀ pa á lára, ó wọ́n iyọ̀ sí i. Abo màlúù lá iyọ̀ tán, ó tún ta ọmọ nípàá. Ni obìnrin náà bá fún wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki tó pọ́n, sínú ìgò, ó fi bọ́ ọmọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá yíjú sí ọ̀daràn.

"Ẹ ó máa wá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Èmi á so ìyá, ẹ̀yin á dì í mú, ọmọ á mu."

"Tí kò bá wá gbà á ńkọ́?"

"Ẹ ó máa wá títí ẹ ó fi darúgbó nìyẹn."

Ó ń wá lóòótọ́. Màlúù ta á nípàá lójúgun, kò sá. Àwọn abo yòókù ń bímọ léraléra, oorun kò sì sí lójú Ìyá Màlúù mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sùn lọ fọnfọn. Nígbà tó jí, gbogbo ìgò wàrà ti ṣófo, onígbàjámọ̀ sì dúró níwájú rẹ̀, búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́.

"Mo ti fún gbogbo wọn ní oúnjẹ," ó ní. "Ó ku ìwọ."

Kò pè é ní "ìwọ" rí. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó jẹ búrẹ́dì, ọkàn rẹ̀ fà sí ọkùnrin náà, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i, torí ó mọ ohun tí Bàbá máa sọ.

Bàbá sì sọ ọ́. "Mi ò bá a jà, ó mọ orí fá. Ṣùgbọ́n ìgboro ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Tó bá mú ẹ lọ, ta ló máa tọ́jú ẹran? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí? Jẹ́ kí màlúù yẹn gba ọmọ rẹ̀, kí ọkùnrin yẹn máa bá tiẹ̀ lọ."

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìyá Màlúù wọlé ẹran, ó bá ọmọ tó ń mu wàrà fúnra rẹ̀, ìyá sì ń lá a lẹ́yìn. Ó yẹ kó yọ̀. Àyà rẹ̀ já. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀ níta, ló bá sáré fa ọmọ kúrò, ó so ìyá mọ́lẹ̀.

"Báwo ni?" ọkùnrin náà béèrè.

"Bó ṣe wà náà ni."

Onígbàjámọ̀ sì di màlúù mú. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, ojú ń ti obìnrin náà, kò sì jáwọ́.

Títí ẹ̀yìn Bàbá fi fúyẹ́ díẹ̀. Ó tẹ̀pá wọlé ẹran, ó bá àwọn méjèèjì níbẹ̀, ọ̀kan di okùn mú, ìkejì di ọrùn mú, màlúù ń jẹ àpọ̀jẹ ní tiẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"À ń dì í mú kó má ta ọmọ nípàá, Bàbá," Ìyá Màlúù dáhùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Màlúù yí ọrùn, ó lá ọmọ rẹ̀, ọmọ ń mu lọ.

"Èmi ni mo purọ́," Ìyá Màlúù sọ fún onígbàjámọ̀. "Ó ti gbà á tipẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ, o ò ní wá mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ."

Onígbàjámọ̀ họrí. "Èmi náà mọ̀. Mo tètè dé lọ́jọ́ kan, mo rí ọmọ tó ń mu. Mo padà lọ dúró sójú ọ̀nà títí àsìkò tí mo máa ń dé fi pé."

"Ọlọ́run mi o!" Bàbá ní. "Òpùrọ́ méjì, màlúù kan. Ṣé o fẹ́ mú ọmọ mi lọ sígboro ni?"

"Rárá, Bàbá. Kò síbi tí irun kì í hù. Mo lè gbé àga mi wá síwájú ilé yín."

Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sójú ọ̀nà. "Lọ gbé e wá kí oòrùn tó mú."

Onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dìde, eré ló sá lọ. Bàbá dúró, ó ń wo ọmọ màlúù, kò wo ọmọ tirẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ màlúù," ó ní. "Tó o bá lọ, ilé yìí á kàn dákẹ́ jù ni."

Ìyá Màlúù kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó di bàbá rẹ̀ mú.