Pẹ̀lẹ́ Ni Wọ́n Ń Fà Á

Iṣan náà ya. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ sì figbe ta.

"Pẹ̀lẹ́ o, bàbá," ni Mofìyìnfólúwa wí fún ère rọ́bà tó sùn síwájú rẹ̀.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Kai, Dókítà, ẹ tún ti pa á. Ère kì í dáhùn pẹ̀lẹ́."

Hafeez nìyẹn, dókítà ọmọ Ìlọrin tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ náà: bí wọ́n ṣe ń ti wáyà tín-ín-rín gba iṣan itan gòkè dé ọpọlọ, kí àwọ̀n kékeré orí rẹ̀ lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde.

"Ọwọ́ yín le jù," ó ní. "Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń fà á."

"Ohun tí mo ń sọ fún un náà nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Hafeez fi ń pè é ní "Apààyàn mi." Fìyìn a sì dáhùn pé, "Olówó orí mi, ìwọ ló kàn."

Ṣùgbọ́n nílé wọn ní Jahi, ìyá Fìyìn, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, fárígá. "Ọmọ mi ò ní í wé ìbòrí lọ sílé ọkọ." Akínjídé, ẹ̀gbọ́n Fìyìn ọkùnrin, di ẹ̀ṣẹ́.

Ọjọ́ tí Hafeez wá kí ìyá, Akínjídé ló pàdé lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Akínjídé gbá a létí. Ó la orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì fún un lọ́rùn títí ẹyinjú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ yọ síta. Fìyìn sáré jáde, ó gé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn, kó tó fi Hafeez sílẹ̀.

Hafeez dìde, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan, Apà..." Ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ó ṣubú.

Fìyìn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: iṣan ọrùn ti ya nínú, ẹ̀jẹ̀ dídì ti gun orí lọ. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn wọn. Ẹni méjì péré ló mọ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ọ̀kan ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

"Fìyìn, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó kú," ni Akínjídé ń bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Panu mọ́. Ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ gbọ̀n."

Ó ti wáyà gòkè, ó kọjá ibi tó ya, ó dé ọpọlọ. Àwọ̀n náà gbá ẹ̀jẹ̀ dídì mú. Ọkàn rẹ̀ ní kó já a gbà, bí ẹni ń já ọmọ gbà lẹ́nu ajá. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ère. Kò sí bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ tí òkú fi ń jí.

"Pẹ̀lẹ́," ó wí, ó ń fà. "Pẹ̀lẹ́."

Ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde, ó dúdú bí ẹ̀dọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Hafeez lajú. Ó wo Fìyìn títí.

"A... pà... àyàn."

Ìyá Fìyìn ta gìrì. "Kí ló pè ọ́?"

"Orúkọ tí ọkọ mi fún mi ni, Mọ́mì."

Ìyá fa aṣọ bo ẹsẹ̀ Hafeez. Akínjídé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, báńdéèjì lápá. "Pẹ̀lẹ́, àna mi."

Ọwọ́ ọ̀tún Hafeez ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ọwọ́ Fìyìn.