Ọmọ Tí Kì Í Yọ Ẹnikẹ́ni Lẹ́nu

Aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù nígbà tí Kirsty Farrow kan ilẹ̀kùn Clive Blanchard, ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí èbúté Grimsby. Òjò ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Kirsty gbé Edie, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lé Clive lọ́wọ́. Ó ti ń wẹ̀yìn wo ọkọ̀ rẹ̀, torí iléeṣẹ́ ẹja tó ti ń ṣiṣẹ́ kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́.

"Ṣé kò yọ yín lẹ́nu lánàá?"

"Edie ni? Ọmọ mi, èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ọmọ wà nílé."

Inú Kirsty dùn. Ohun tó ń gbọ́ láti oṣù mẹ́rin nìyẹn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Clive fi gé ẹja ní èbúté kó tó fẹ̀yìn tì. Glenys, ìyàwó rẹ̀, ló ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé wọn. Nígbà tí Glenys kú, ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Clive kò lè fara dà á, ló bá forúkọ sílẹ̀ pé òun náà fẹ́ di olùtọ́jú ọmọ. Ó kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Wọ́n yẹ ilé rẹ̀ wò, wọ́n wádìí ìwà rẹ̀, wọ́n fún un níwèé àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà lórí ẹ̀kọ́ àti ìdàgbàsókè ọmọ kékeré, ńṣe ló kàn ń ṣí i kọjá láìkà á. Ó ní, "Kí ni mo tún fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Ọdún méjìlélógún ni mo fi wo Glenys."

Ohun tó gbàgbé ni pé nígbà tí Glenys bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun náà wà níbi iṣẹ́ tirẹ̀.

Nílé Clive, Edie á jẹ búrẹ́dì yíyan, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Clive á pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, á fún un lóúnjẹ lásìkò, á nu ilẹ̀. Ọmọ náà mọ́ tónítóní. Clive kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Edie ti lé ní ọmọ ọdún méjì. Àkókò tó kí Clive kọ ìwé ṣókí fún Kirsty lórí bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ó jókòó ti tábìlì, ó ronú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ti gbọ́ lẹ́nu Edie: "mọ́mì," "rárá" àti "mu." Ó tún rántí pé tóun bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í sábà yíjú. Síbẹ̀, ohun tó kọ ni: "Edie ń ṣe dáadáa. Kò sí ìṣòro."

Kó tó fún Kirsty, Pauline Tasker wọlé. Pauline ti fi ọdún mọ́kàndínlógún tọ́jú ọmọ, ọ̀rẹ́ Glenys sì ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń rán an láti máa ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gba tíì, ó jókòó, ó ń wo Clive àti Edie fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

"Clive, pa nǹkan yẹn."

"Ó fẹ́ràn ẹ̀."

"Mo ní pa á."

Clive pa tẹlifíṣọ̀n.

"Látìgbà tí mo ti dé," Pauline ní, "o ti fún un lómi, o ti nu imú ẹ̀, o ti wọ̀bọ̀sẹ̀ fún un. O ò sọ gbólóhùn kan sí i."

"Kí ni kí n sọ? Ọmọ ọdún méjì! Ṣé kí n máa bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni?"

"Tó bá jẹ́ òun ló wà lẹ́nu ẹ, sọ ọ́. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nílùú yìí, á pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún."

Clive fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Mo rò pé A, B, C ni wọ́n ní ká máa kọ́ wọn. Mo ní ó ṣì kéré."

"Ta ló sọ̀rọ̀ A, B, C? Nǹkan mẹ́ta ló ṣáájú fún irú ọmọ yìí. Kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀, kóun náà sì máa sọ ọ́. Kó máa lo ara ẹ̀: kó sáré, kó gun nǹkan, kó fọwọ́ di nǹkan mú. Kó sì mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ràn òun, kó lè bá ẹlòmíì gbé. Ìwé kíkà, ìṣirò, mímọ ayé, orin àti àwòrán, orí mẹ́ta yẹn ni gbogbo wọn jókòó lé. Bó o bá ń bó ọ̀dùnkún, bá a kà á. Bẹ́ ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, bá a kà á. Ẹ̀kọ́ nìyẹn."

Ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ìwé tó wà lórí tábìlì. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Clive, irọ́ lèyí."

"Kirsty máa gbé e lọ, Pauline. Tí mo bá kọ ọ́ pé ọmọ ẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ó máa gbé e lọ, ilé yìí á tún wá..."

Pauline gbé ife sílẹ̀. "Mo mọ̀. Èmi náà ń ṣàárò Glenys. Àmọ́ ọmọ yìí ò wá síbí láti wá bá ẹ gbé ìbànújẹ́ ẹ. Òfin ló ní ká kọ ìwé yẹn fún òbí, kọ́mọ tó pé ọdún mẹ́ta. Kò dìgbà tó bá gùn. Kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kọ ohun tó ń kọ ẹ́ lóminú, kọ ohun tẹ́ ẹ jọ máa ṣe sí i. Kí ìyá ẹ̀ wá gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́."

Clive fa ìwé náà ya, ó kọ òmíràn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní kí Kirsty wọlé jókòó. Kirsty kà á, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Oṣù mẹ́rin lẹ fi ń sọ fún mi pé kì í yọ yín lẹ́nu!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò tètè sọ ọ́."

"Ṣé ẹ ń sọ pé ọmọ mi ò gbọ́n ni?"

"Rárá o. Mo ń sọ pé mo pè é láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yíjú."

Kirsty gbé ọmọ rẹ̀, kò dágbére. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi mú un wá. Clive á jí, á wẹ̀, á jókòó ti fèrèsé.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Nọ́ọ̀sì ní òótọ́ lẹ kọ," Kirsty ní. "Wọ́n ti kọ̀wé pé kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò. Ó ní kí gbogbo wa máa kọjú sí i tá a bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Màá kọ́ ọ, ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n yẹ etí náà wò lẹ́yìn oṣù méjì, omi ló dúró sẹ́yìn ìlù etí méjèèjì. Dókítà ní ó lè gbẹ fúnra rẹ̀, àwọn á máa ṣọ́ ọ. Etí tí kò gbọ́ dáadáa, àti ilé tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀: àwọn méjèèjì ló jọ di ahọ́n Edie.

Clive bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ń tì í. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Edie, á ní, "Ìbọ̀sẹ̀ rèé. Ẹsẹ̀ dà?" Nígbà tó yá, ó ń sọ̀rọ̀ ẹja fún un, ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ó sọ̀rọ̀ Glenys fún un pẹ̀lú, ohun tí kò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó létí òkun, wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún díndín. Ẹyẹ òkun kan já wálẹ̀, ó gbé ọ̀kan lọ́wọ́ Edie, ó fò lọ. Edie na ìka sókè.

"Lọ!"

Clive rọra yíjú sí i. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyẹ lọ."

Edie wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. "Ẹyẹ lọ."

Clive fi ọ̀dùnkún mìíràn lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú ọmọ nílé, ẹ ka ìlànà náà, ẹ má ṣe ṣí i kọjá. Oúnjẹ àti ìmọ́tótó nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ẹ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹ dúró gbọ́ èsì rẹ̀, bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi ọ̀kan kún un fún un. Ẹ jẹ́ kó jáde síta kó ṣeré. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kọ àkọsílẹ̀ jọ kún ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ ọmọ tó wà níwájú yín. Tí ohun kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ tètè sọ ọ́ fún òbí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jọ wá ìrànlọ́wọ́.

Òbí tó bínú lónìí lè padà wá lọ́la. Ọdún kejì ọmọ kì í padà wá.